Tí tìrélà bá ń ju ìrù lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù yín, ibi tí ẹrù wà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi píkọ́ọ̀pù fa tìrélà kékeré káàkiri Èkìtì, ẹ̀yin tí ẹ ń háyà kánópì àti àga, tí ẹ ń gbé jẹnẹrétọ̀ lọ síbi ìsìnkú àti ìgbéyàwó, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Kì í ṣe tìrélà ńlá tó ń kó sìmẹ́ńtì ni mò ń sọ o, onítáyà méjì tí àwọn wẹ́dà ń jó fún wa yẹn ni.

Sátidé kan a ń kó kánópì lọ sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè láti Adó, a kọjá Arámọkọ tán, ọ̀nà dán díẹ̀, mo bá tẹná torí a ti pẹ́. Ṣàdédé ni mo rí tìrélà nínú míírọ̀ ọwọ́ òsì, kí n tó ṣẹ́jú ó ti wà nínú ti ọwọ́ ọ̀tún, ìdí Hilux náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá a lọ bá a bọ̀, àbúrò mi tó jókòó tì mí di dáṣíbọ́ọ̀dù mú, kò lè sọ̀rọ̀. Ọlọ́run ló yọ wá. Ìgbà tá a páàkì tí mo yí lọ sẹ́yìn ni mo rí ohun tó fà á, jẹnẹrétọ̀ ni àwọn ọmọ gbé sí ìparí ìdí tìrélà kó lè yá láti sọ̀ kalẹ̀, páìpù kánópì náà sì yọ sẹ́yìn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta.

Tí ẹrù bá pọ̀ lẹ́yìn áksù, ìyẹn irin tó gba abẹ́ tìrélà tí táyà méjèèjì wà lára ẹ̀, orí tìrélà, ibi tá a fi ń so ó mọ́ píkọ́ọ̀pù, á fúyẹ́, dípò kó tẹ húùkù tó wà ní ìdí píkọ́ọ̀pù mọ́lẹ̀ á máa fà á sókè. Kòtò kékeré tàbí atẹ́gùn ọkọ̀ ńlá tó bá kọjá lára yín ti tó láti mú kí ìdí ẹ̀ fì, tó bá sì ti fì lẹ́ẹ̀kan, ẹrù ẹ̀yìn yẹn á máa jù ú lọ jù ú bọ̀ bíi jangirọ́fà, eré yín ló sì ń fún un lágbára.

Nítorí náà ẹ jẹ́ kí bíi 60 nínú 100 ẹrù wà níwájú áksù, kí èyí tó wúwo jù jókòó sítòsí áksù níwájú ẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi okùn dì í kó má baà sún. Ohun tí orí tìrélà máa tẹ̀ sórí húùkù yẹ kó jẹ́ 10 sí 15 nínú 100 gbogbo ìwúwo ẹ̀, ìyẹn ni pé tí tìrélà tòun tẹrù bá jẹ́ 800 kílò, 80 sí 120 kílò. Ẹ lè fi ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn ara wò ó: ibi tó tẹ́jú ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, ẹ fi òkúta há táyà níwájú àti lẹ́yìn, ẹ gbé pákó lé ìwọ̀n náà kó ga tó ibi tí orí tìrélà máa ń wà tẹ́ ẹ bá ti so ó, kẹ́ ẹ wá gbé e lé e. Ẹ má wá tìtorí ẹ̀ kó gbogbo ẹrù síwájú o, ìdí píkọ́ọ̀pù á rọ̀, iwájú á fúyẹ́, sítíárìn ò ní gbọ́ràn mọ́.

Tí ẹrù bá dáa tó ṣì ń fì, ẹ wò ó bóyá orí tìrélà ga ju ìdí ẹ̀ lọ, ó yẹ kó tẹ́jú tàbí kí orí rẹlẹ̀ díẹ̀. Ẹ wo táyà, ti tìrélà àti ti ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, torí táyà tí afẹ́fẹ́ ẹ̀ ò tó máa ń mì bíi jẹ́lì. Ẹ fi jáàkì gbé tìrélà, ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀ kẹ́ ẹ mì ín, tó bá ń ṣe kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, bíárìn ti jẹ nìyẹn. Bọ́ọ̀lù húùkù àti orí tó gbé e mì gbọ́dọ̀ jẹ́ sáìsì kan náà, èmi ò fẹ́ gbọ́ pé ó sún mọ́ra.

Tó bá wá ṣẹlẹ̀ lójú títì, ẹ yọ ẹsẹ̀ lórí iná, ẹ di sítíárìn mú gírígírí kó dúró gan-an, ẹ má bá a jà, ẹ má tẹ bíréèkì lójijì, ẹ jẹ́ kí eré náà kú fúnra ẹ̀. Àwọn kan ní kéèyàn tẹná sí i kó lè nà gbọnrangandan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbọ́ tiwọn, eré yẹn gan-an ló ń pa èèyàn. Tó bá ti rọlẹ̀, ẹ páàkì kẹ́ ẹ tún ẹrù tò, ẹ má sọ pé ẹ ti fẹ́ débẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti òkè bíi ti ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n yẹn, orí òkè lọ́hùn-ún ni kẹ́ ẹ ti wọ jíà kékeré.

Mo ti fi ọ̀dà funfun fa ìlà sí ilẹ̀ tìrélà mi báyìí, ọ̀gangan áksù. Ẹnikẹ́ni tó bá ń dẹrù, jẹnẹrétọ̀ ò gbọdọ̀ kọjá ìlà yẹn sẹ́yìn.