Stem cell fún rọpárọsẹ̀: ohun tí kò yẹ kí ẹ ṣe

Àṣìṣe tó gbilẹ̀ jù ní Àkúrẹ́ báyìí ni pé kí ẹnì kan gbé páálí kápúsù wá, kó ní stem cell ni, kí ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù máa gbé e mì láàárọ̀ àti lálẹ́. Sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè ni stem cell. Inú mùdùnmúdùn egungun, ọ̀rá ara tàbí ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ọmọ tuntun ni wọ́n ti ń rí i, inú òtútù líle ni wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ sí. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò lè di ìyẹ̀fun, kó jókòó sórí àtẹ l'Ọ́jà Ọba, kó tún la ikùn kọjá dé ọpọlọ. Ẹ ka ẹ̀yìn páálí náà dáadáa. Èso àti ewé ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Nọ́mbà NAFDAC tí wọ́n ń nàka sí kò sọ pé ó ń wo rọpárọsẹ̀.

Èyí tí àwọn oníwádìí ń dán wò yàtọ̀ pátápátá. Nínú ìwádìí MASTERS tó jáde lọ́dún 2017, sẹ́ẹ̀lì 1,200 mílíọ̀nù ni wọ́n fi dírípù fún aláìsàn láàárín ọjọ́ kan sí méjì tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó pé 90 ọjọ́, ara wọn kò yá ju ti àwọn tí kò gbà á lọ. Púpọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì tó bá gba iṣan apá wọlé, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń há sí. Iṣẹ́ ń lọ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì di ohun tí à ń tà.

Nítorí náà, ẹ má ta oko kòkó lọ gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ lókè òkun. Lọ́dún 2016, àwọn dókítà kọ nípa ará Amẹ́ríkà kan tí rọpárọsẹ̀ ṣe, tó gbà á ní Ṣáínà, Ajẹntínà àti Mẹ́síkò. Kókó hù sí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì ẹlòmíràn ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ẹ má dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró nítorí kápúsù. Bí ẹ̀jẹ̀ bá tún ru sókè, ìkọlù kejì kò jìnnà.

Ibi tó dùn wá jù rèé: wọ́n ń sáré owó stem cell, wọn ò yí aláìsàn padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Wákàtí méjì-méjì ni kí ẹ máa yí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, egbò á jẹ ìdí rẹ̀. Ẹ má fi apá tó rọ fà á dìde, torí oríkèé èjìká á yẹ̀. Ẹ̀yìn àti ìbàdí rẹ̀ ni kí ẹ ti dì í mú gbé e, kí ẹ sì fi ìrọ̀rí gbé apá náà ró bó bá jókòó. Ẹ má rọ ògì sí i lẹ́nu lórí ìdùbúlẹ̀. Bó bá ń wúkọ́ tàbí tí ohùn rẹ̀ ń hó bí ẹni tí omi wà lọ́fun rẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ̀dọ̀fóró ni oúnjẹ ń gbà lọ. Kí nọ́ọ̀sì yẹ bó ṣe ń gbé nǹkan mì wò. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ físíò, ìyẹn ìdánrawò tó ń mú kí apá àti ẹsẹ̀ padà ṣiṣẹ́, torí oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ara ń gbọ́ jù.

Bó bá jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ ni, tí ẹnu wọ́, tí apá kan rọ, ẹ má fún un ní àgbo tàbí aspirin. Ẹ kọ aago tí ara rẹ̀ yá kẹ́yìn sílẹ̀, kí ẹ pe ilé-ìwòsàn UNIMED l'Ákùúrẹ́ tàbí l'Óǹdó, tàbí FMC Ọ̀wọ̀, bóyá CT, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí, ń ṣiṣẹ́, bí ẹ ti ń gbé e lọ. CT ló ń fi hàn bóyá ẹ̀jẹ̀ dì ni tàbí iṣan bẹ́. Wọn kì í sábà fún èèyàn ní oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì mọ́ lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀, ó sì léwu fún ẹni tí iṣan rẹ̀ bẹ́.