Tó o bá fẹ́ wakọ̀ nílùú London, kọ́kọ́ mọ àmì ojú títì wọn

Ìwọ tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìlú Ọba tó o fẹ́ máa fi láísẹ́ǹsì Nàìjíríà wakọ̀, wọ́n fún ẹ láyè oṣù 12 látọjọ́ tó o bá ti di olùgbé ibẹ̀, ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, kó o tó tan mọ́tò, mọ àmì ojú títì wọn. Ti pé apá òsì ni wọ́n ń gbà ò le púpọ̀, apá òsì làwa náà ń gbà kó tó di 1972, ara á bá a mu. Àmì gan-an ló ń jẹ owó èèyàn, torí púpọ̀ nínú wọn ni ò ní ọ̀rọ̀ kankan lára.

Bó ṣe rí ni kó o kọ́kọ́ wò. Tó bá rí róbótó tí etí ẹ̀ pupa, wọ́n ń sọ ohun tó ò gbọ́dọ̀ ṣe nìyẹn, tí róbótó yẹn bá jẹ́ búlúù, àṣẹ ni, ibi tí ọfà bá kọjú sí ni kó o gbà. Onígun mẹ́ta, ìkìlọ̀ ni, àfi èyí tó dorí kodò tí wọ́n kọ GIVE WAY sí, ìyẹn ní kó o jẹ́ káwọn tó wà lójú títì tó o fẹ́ bọ́ sí kọjá ná.

Nọ́ńbà tó o bá rí fún ìwọ̀n eré, máìlì láàárín wákàtí kan ni o, kì í ṣe kìlómítà, 30 wọn á tó 48 tiwa. Èyí tó ń da àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láàmú jù ni róbótó funfun tí wọ́n fa ìlà dúdú kan dábùú ẹ̀, kò sí nọ́ńbà, kò sí ọ̀rọ̀, àwọn kan á rò pé ó ní kí wọ́n máa sáré bó ṣe wù wọ́n. Rárá o! 60 ni fún mọ́tò kékeré lójú títì tí ò ní ohun tó pín in sí méjì láàárín, 70 níbi tó bá ti ní in. Tí títì abúlé bá sì há tó ń kọ́rọ̀, má sá 60 yẹn níbẹ̀ rárá, ẹ̀mí ẹ ṣe pàtàkì.

Wàá tún rí ìlà yẹ́lò tí wọ́n fà bí àwọ̀n sí oríta. Kódà kí iná jẹ́ gíríìnì, má wọ ibẹ̀ tí ibi tó o máa jáde sí ò bá tíì ṣófo, àfi tó o bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún tó jẹ́ pé mọ́tò tó ń bọ̀ níwájú nìkan ló dá ẹ dúró. Kámẹ́rà pọ̀ lórí ẹ̀ ní London. Ojú ọ̀nà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì náà tún wà, ka àkókò tó ò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ lára pátákó búlúù, tí kò bá sí àkókò níbẹ̀, tọ̀sán tòru ni. Ìlà yẹ́lò méjì létí títì, má páàkì síbẹ̀, ìlà pupa méjì, má tiẹ̀ dúró rárá.

Tí lẹ́tà owó ìtanràn bá dé látọ̀dọ̀ káńsù, má jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó o bá gbà pé o jẹ̀bi tó o sì tètè san án láàárín ọjọ́ 14, ìdajì lo máa san.

Ohun tí màá ní kó o ṣe lọ́sẹ̀ yìí ni pé kó o wọ bọ́ọ̀sì alájà méjì tó ń gba ọ̀nà tó o fẹ́ máa wà, jókòó sókè níwájú pátápátá, kó o máa ka gbogbo àmì tó bá ti yọ, èyí tó ò bá mọ̀, yẹ̀ ẹ́ wò lórí GOV.UK, ìyẹn ìkànnì ìjọba Ìlú Ọba, ọ̀fẹ́ ni.