Bí mo ṣe fi ife kan po àádùn

Ife oníke tí mo fi ń mu omi náà ni mo fi wọn gbogbo rẹ̀. Ife tiyín lè tóbi ju tèmi lọ, kò ṣe nǹkan kan, ẹ má ṣáà pààrọ̀ rẹ̀ láàárín iṣẹ́. Ife ìyẹ̀fun 4 sí ife epo pupa 1 ni mo máa ń wò.

Ọjà Odò-Ògbè, n'Ílé-Ifẹ̀ níbí, ni mo ti ra àgbàdo gbígbẹ. Mo ṣà á, mo fẹ́ ẹ, mo sì yan án nínú agbada láìfi òróró sí i. Iná kékeré ni o! Bí iná bá pọ̀, èèpo á ti jó kí inú tó yan, àádùn á sì korò. Mo ń rò ó títí tó fi pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé.

Mo jẹ́ kó tutù kí n tó gbé e lọ sí ẹ̀rọ, torí pé àgbàdo gbígbóná máa ń làágùn nínú ọ̀rá. Mo ju ata gbígbẹ díẹ̀ mọ́ ọn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ èlùbọ́ ni kẹ́ ẹ bá mi fi lọ̀ ọ́, ẹ má fi ti ata tútù lọ̀ ọ́."

"Àádùn nìyẹn. Má gbàgbé tèmi o!"

Nígbà tí mo délé, mo jọ̀ ọ́. Ìyẹ̀fun ló máa ń da ìwọ̀n rú jù. Èyí tí ẹ bá kì mọ́ inú ife á pọ̀ ju èyí tí ẹ rọra bù sí i lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ ife kan náà. Síbí ni èmi fi bù ú, mo sì fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ dọ́gba. Ṣúgà ààbọ̀ ife, iyọ̀ síbí kékeré kan. Àwọn mìíràn kì í fi ṣúgà sí i rárá, ẹnu oníkálukú ló mọ̀ ọ́n.

Epo ti dì, mo yọ́ ọ díẹ̀ lórí iná. Mi ò jẹ́ kó gbóná débi tí àwọ̀ rẹ̀ á fi ṣí, àwọ̀ pupa yẹn lẹwà àádùn. Mo da ìdajì sí i, mo fọwọ́ pò ó, mo wá ń fi ìyókù kún un díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo fún un lọ́wọ́ tó dì mọ́ra, tí epo kò sì ro sí mi lọ́wọ́, díẹ̀ ṣì ṣẹ́kù nínú ife. Mi ò da ìyẹn sí i mọ́.

Mo kì í mọ́ inú ife tíì kékeré tàwọn ọmọ, mo dojú rẹ̀ dé sórí àwo, mo gbá ìdí rẹ̀, ó sì bọ́ sílẹ̀ ní odindi. Kò gba omi kankan, nítorí náà kò nílò fíríìjì. Inú ike tó ní ìdérí ni mo kó o sí, ó sì máa ń tó ọjọ́ mélòó kan láìbàjẹ́, bí àwọn ọmọ kò bá tètè rí i.