Bí ọmọ tó gbóná jù nínú akádẹ́mì yín bá ń lọ

Akádẹ́mì bọ́ọ̀lù tó bá ń ṣe dáadáa n'Ìbàdàn, ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù jù níbẹ̀ kò ní pẹ́ níbẹ̀. Kí ẹ ti gbà bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ gbé kóònù sórí pápá. Ìjà kò lè dá a dúró. Ìwé ọdún 10 tí ẹ ní kí bàbá rẹ̀ tẹ̀ka sí náà kò lè dá a dúró, torí lábẹ́ òfin FIFA, ìwé àdéhùn agbábọ́ọ̀lù tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ ju ọdún 3 lọ. Ohun tó kù sí yín lọ́wọ́ ni pé kí lílọ rẹ̀ mú owó wálé, kó má sì tú ẹgbẹ́ ká.

Àwọn kóòṣì baseball ní àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ń jẹ irú ìyà yìí lọ́dọọdún. Wọn á ti bá ọmọ ọdún 18 sọ̀rọ̀ tán, wọn á ti ka orúkọ rẹ̀ mọ́ ẹgbẹ́. Tó bá di oṣù keje, àwọn kíláàbù MLB, líìgì baseball ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, á pín àwọn ọmọ náà láàárín ara wọn, owó á sì gbé e lọ kó tó dé kíláàsì. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ohun kan tí àwa kò ní: ọmọ tó bá ti wọ yunifásítì ọlọ́dún mẹ́rin, kíláàbù kò lè mú un mọ́ títí yóò fi lo ọdún 3 níbẹ̀ tàbí títí yóò fi pé ọdún 21. Nínú bọ́ọ̀lù tiwa, kò sí òfin tó máa bá yín di ọmọ mú bẹ́ẹ̀. Èyí tó wà ni owó tí FIFA ti là kalẹ̀ láti 2001 fún àwọn tó tọ́ ọmọ dàgbà nínú bọ́ọ̀lù. Ìwé ni wọ́n fi ń gbà á, wọn kì í fi ẹnu gbà á.

Ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá

Ní àwọn ipò tí wọ́n sábà máa ń wá ra ọmọ, ìyẹn sítíráíkà, wíńgà àti àárín pápá, kí ẹ ní ọmọ mẹ́ta tí ọjọ́ orí wọn fi ọdún méjì méjì ju ara wọn lọ: 17, 15, 13. Kí ti ọdún 15 máa bá ti 17 gbá ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ara rẹ̀ ti mọ́ ọn. Ibi tí ọ̀pọ̀ akádẹ́mì ti ń ṣubú nìyí: ọjọ́ orí kan náà ni gbogbo ọmọ wọn wà. Wọn á gba ife lọ́dún kan, tó bá di ọdún kejì wọn ò rí ọmọ mọ́kànlá kó jọ.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìdánwò ńlá tí ọmọ 300 á wá, tí oníkálukú á gbá fún ìṣẹ́jú 15. Ẹni tó lókun jù ló máa ń yọ níbẹ̀, òun ló sì sábà máa ń jẹ́ àgbà láàárín wọn. Ẹ lọ wo monkey post ní Mọ́kọ́lá, Sángo tàbí Ẹlẹ́yẹlé lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ẹ lọ wo ìdíje àwọn ilé ìwé. Ọmọ kan náà, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mẹta, kí ọ̀kan jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ń na ẹgbẹ́ rẹ̀ bí ẹni máa kú. Ọjọ́ yẹn lẹ máa mọ̀ bóyá ó ń sáré padà.

Ìyá rẹ̀ á bi yín pé, "Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ọmọ mi ò ní torí bọ́ọ̀lù fi ìwé sílẹ̀ báyìí?" Ẹ má purọ́ fún un. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ìrìn àjò kankan ò ní bọ́ sí àsìkò WAEC, kí ẹ sì dúró lórí rẹ̀. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí kàwé ẹ̀ńjíníà ní Poly Ìbàdàn, ó sì gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ yín kò ní di pro, ilé ìwé ni wọ́n máa padà sí.

Ìwé

Akádẹ́mì tí kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, kí ìyẹn sì so ó mọ́ NFF, àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, kò sí lójú FIFA, bó ti wù kí jẹ́sì rẹ̀ dán tó. Ẹ ṣe ìyẹn, ẹ forúkọ akádẹ́mì sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC bí ilé iṣẹ́, ẹ ṣí akáǹtì báńkì ní orúkọ akádẹ́mì. Lẹ́yìn náà ẹ forúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní sáà kọ̀ọ̀kan, ní ọ̀sẹ̀ tó bá wọlé. Ọjọ́ tí orúkọ rẹ̀ wọ ìwé ni wọ́n ti ń ka àsìkò tó lò lọ́dọ̀ yín fún owó FIFA. Tí ọmọ bá ti ń bá yín gbá láti January, tí ẹ ò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ di September, oṣù mẹ́jọ yẹn ti lọ lófo.

Ẹ ra rẹ́gísítà ńlá, ojú ìwé kan fún ọmọ kan. Lókè rẹ̀: orúkọ bó ṣe wà nínú ìwé ìbí NPC, lẹ́tà sí lẹ́tà, ọjọ́ ìbí, NIN, nọ́ńbà FIFA Connect (nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ FIFA), fóònù ìyá àti ti bàbá. Nísàlẹ̀: ọjọ́ tó wọlé, ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan, ìdíje tó gbá, ọjọ́ tó jáde. Ẹ ya fọ́tò ojú ìwé náà sórí fóònù, torí òjò Ìbàdàn kò mọ ìwé pàtàkì. Ìkọ orúkọ ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. "Rasheed" nínú ìwé ìbí, "Rasidi" nínú NIN, "Rashid" nínú pásípọ́ọ̀tù: ọmọ mẹ́ta nìyẹn lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ tún un ṣe nígbà tó wà ní ọdún 13. Tí físà bá ti ń dúró, ọwọ́ ò ní ká a mọ́.

Ẹ má fọwọ́ kan ọjọ́ orí. Ọdún tí ọmọ pé 12 ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó FIFA yìí, nítorí náà ẹni tó bá gé ọdún 3 kúrò ti sọ ọdún mẹ́ta tí ọmọ fi gbá bọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ rẹ̀ nù, yàtọ̀ sí ẹ̀sùn tó máa tẹ̀ lé e.

Bí wọ́n ṣe ń ṣírò owó náà

Oríṣi owó méjì ni. Àkọ́kọ́ ni training compensation, tí kíláàbù òkèèrè máa san tí ọmọ bá kọ́kọ́ fọwọ́ síwèé pro lọ́dọ̀ wọn. Ìpele kíláàbù náà ni wọ́n ń wò. Ní Yúróòpù, ìpele kìíní jẹ́ €90,000 fún sáà kan, ìkejì €60,000, ìkẹta €30,000, ìkẹrin €10,000. Ṣùgbọ́n ti ìpele kẹrin ni wọ́n máa ń lò fún àwọn sáà tí ọmọ pé 12 sí 15. Ká ní ọmọ yín wà lórúkọ láti sáà ọdún 13 dé 18, ó wá fọwọ́ síwèé ní kíláàbù ìpele kẹta: sáà mẹ́ta ní €10,000, sáà mẹ́ta ní €30,000, ó di €120,000. Tó bá jẹ́ kíláàbù ìpele kẹrin ló lọ, kò sí kọ́bọ̀.

Èkejì ni solidarity. Nígbàkigbà tí wọ́n bá rà á kúrò ní kíláàbù kan lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn kí àdéhùn rẹ̀ tó parí, wọ́n máa ń yọ 5% nínú owó náà fún gbogbo àwọn tó tọ́ ọ láti 12 dé 23: 0.25% fún sáà kọ̀ọ̀kan títí dé 15, 0.5% fún èyí tó kù. Ọmọ tí a fi ṣe àpẹẹrẹ lókè yìí, tí wọ́n bá rà á ní mílíọ̀nù kan yúrò, 2.25% ni tiyín, ìyẹn €22,500. Wọ́n tún máa san án tí wọ́n bá tún tà á.

Pàkúté kan wà níbí tí ọ̀pọ̀ kò rí. Tó bá jẹ́ kíláàbù NPFL, líìgì àgbà Nàìjíríà, ni ọmọ ti kọ́kọ́ di pro, lọ́jọ́ tó bá lọ òkèèrè, kíláàbù yẹn ló máa gba training compensation, kì í ṣe ẹ̀yin. Solidarity nìkan ló kù fún yín. Nítorí náà, kí ẹ tó jẹ́ kó kọjá sí Shooting Stars ní Adámásíngbà tàbí ibòmíràn, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé iye kan nínú ọgọ́rùn-ún owó títà rẹ̀ máa bọ́ sọ́wọ́ yín. Ìlérí alága lórí fóònù kì í ṣe ìwé.

Ẹni tó pe ara rẹ̀ ní éjẹ́ǹtì

Ọmọ tí kò tíì pé 18 kò lè ti Nàìjíríà lọ forúkọ sílẹ̀ ní kíláàbù Yúróòpù, àyàfi fún ìdí díẹ̀, bíi kí àwọn òbí rẹ̀ kó lọ síbẹ̀ fún ohun tí kò kan bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ mú ọmọ ọdún 15 lọ, tó ní kí ìyá rẹ̀ lọ ta ilẹ̀ fún owó físà, ẹ fi ọ̀nà ìta hàn án. Láti 2023, éjẹ́ǹtì gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ FIFA. Orúkọ rẹ̀ á wà lórí ìkànnì FIFA, ẹ wò ó kí ẹ tó fún un ní omi tútù.

Lọ́jọ́ tó bá lọ

Kíláàbù tuntun lè fi ìwé kan ránṣẹ́ pé, "Ẹ bá wa sáìnì ibí, kí físà ọmọ lè tètè jáde." Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀. Ó lè jẹ́ waiver, tó ní ẹ ti yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ yín. Físà kò nílò rẹ̀.

FIFA Clearing House ní Paris ló ń gba owó wọ̀nyí tó sì ń pín in láti November 2022. Wọ́n máa yẹ̀ yín wò: ẹni tó ni akádẹ́mì, àwọn olùdarí, ìwé CAC, akáǹtì. Akáǹtì kóòṣì kò wúlò. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, FIFA máa gbé pásípọ́ọ̀tù orí kọ̀ǹpútà ọmọ náà jáde, níbi tí gbogbo ibi tó ti forúkọ sílẹ̀ wà. Ọjọ́ 10 péré ló wà láti sọ pé wọ́n fo akádẹ́mì yín. Bí ẹ bá ti gbọ́ pé ọmọ ti fọwọ́ síwèé, àní kó jẹ́ lórí Facebook ni ẹ ti rí i, ẹ pe NFF lọ́jọ́ náà, kí ẹ fi fọ́tò ojú ìwé rẹ̀ nínú rẹ́gísítà àti ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí wọn.