Bí a ṣe ń ta kọ́ìnì tí wọ́n ṣì rọ, àti bí a ṣe ń yanjú ọ̀rọ̀ iye rẹ̀

Kọ́ìnì tí mo ń sọ ni èyí tí àṣìṣe ti bá láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti rọ ọ́: kọ́bọ̀ oníhò ayé Òyìnbó tí wọn ò lu ihò sí, tọ́rọ́ tí àwòrán rẹ̀ fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ṣílè tí òǹtẹ̀ bà lé lẹ́ẹ̀mejì. Ní Iléṣà, inú àpótí àwọn ìyá àgbà ló sábà máa ń ti jáde, pàápàá nílé àwọn òṣómàáló tí wọ́n kiri aṣọ àwìn káàkiri. Ẹni tó bá rí i á sáré wo íntánẹ́ẹ̀tì, á bá ibi tí ẹnì kan ti kọ mílíọ̀nù márùn-ún náírà sí irú rẹ̀, ó parí. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí olùrà tó máa bá a sọ̀rọ̀ tí kò ní jọ olè lójú rẹ̀.

Àkọ́kọ́ ná, ẹ má fọ̀ ọ́. Ọsàn wẹ́wẹ́, eérú, ọṣẹ, Brasso, kàn-ìn-kàn-ìn, ẹ kó gbogbo rẹ̀ jìnnà sí i. Àwọ̀ ṣíṣú tó wà lára rẹ̀ ni olùrà fi ń mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò tíì dà á láàmú. Èyí tó bá ń dán yanran lẹ́yìn 70 ọdún nínú àpótí, wọ́n ti ha á nìyẹn, iye rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀ kí ẹ tó jókòó. Etí rẹ̀ ni kí ẹ máa fi ìka méjì dì mú. Pépà funfun tí a ṣẹ́ po ni mo ń kó tèmi sí. Àpò ike rírọ̀ tí wọ́n fi PVC ṣe máa ń yọ nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń lẹ̀ mọ́ kọ́ìnì lára bó bá pẹ́. Ẹni tówó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè ra ike líle tí wọ́n ṣe fún un, ṣùgbọ́n pépà tó.

Ta ló ni ín? Bó bá jẹ́ ohun tí màmá tó ti kú fi sílẹ̀, ẹ pe àwọn ọmọ jọ kí olùrà tó dé. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti na kọ́ìnì sí olùrà tán, tí àbúrò kan pè láti Èkó: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tà á o! Mo rí irú rẹ̀ lórí Facebook, ilé ni wọ́n fi ń rà." Ọjà fọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ yan ẹnì kan ṣoṣo tó máa sọ̀rọ̀, kí gbogbo yín sì fọwọ́ sí iye tó kéré jù tí ẹ lè gbà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín. Láti 1907 ni kọ́ìnì oníhò ti wà ní ilẹ̀ wa. West African Currency Board, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1912, ló ń bójú tó owó náà lẹ́yìn náà. Lẹ́tà H lára rẹ̀ jẹ́ àmì ilé iṣẹ́ Heaton ní Birmingham, KN sì ni ti King's Norton. Funfun ni oníní (ìdá mẹ́wàá kọ́bọ̀), ẹ́pìnnì (ààbọ̀ kọ́bọ̀) àti kọ́bọ̀ ìgbà yẹn, kí wọ́n tó sọ wọ́n di pupa ní 1952. Ṣílè àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ bíi fàdákà ní 1913, wọ́n sì gba idẹ dípò rẹ̀ ní 1920. Àwọn tí wọ́n kọ Federation of Nigeria sí lára dé ní 1959.

Irinṣẹ́ rẹ̀ kò wọ́n. Awò kékeré tí àwọn aláago ń fi sójú ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ lè yá a fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Òòfà tí a tú lára sìpíkà tó ti bàjẹ́ náà wúlò. Ní ti òṣùwọ̀n, Iléṣà kò níṣòro, nítorí wúrà tí wọ́n ń wà ní Ìtàgúnmódì àti agbègbè rẹ̀: oníwúrà tó bá wà nítòsí yín ní òṣùwọ̀n tó ń ka ìdá gíráàmù. Ẹ fún un lówó mínírà, á bá yín wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ tó ju gbogbo wọn lọ ni kọ́ìnì ẹgbẹ́ rẹ̀, irú kan náà, ọdún kan náà, tí kò ní àbùkù kankan. Láìsí ìyẹn, àbá lásán lẹ ń dá.

Ẹ jẹ́ ká mú kọ́bọ̀ tí kò ní ihò. Bó bá jẹ́ òótọ́, á wúwo díẹ̀ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, nítorí irin tí wọn ì bá lù jáde ṣì wà lára rẹ̀. Àárín rẹ̀ á tẹ́jú, kò sì ní sí ìlà kankan tó yí ibẹ̀ ká. Èyí tí wọ́n fi òjé dí máa ń ní ìlà roboto tín-ín-rín lábẹ́ awò, àwọ̀ àárín rẹ̀ á sì yàtọ̀ bí ẹ bá gbé e síbi ìmọ́lẹ̀. Èyí tí ihò rẹ̀ kàn yẹ̀ díẹ̀ kúrò láàárín kò tó nǹkan. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn gba orun lójú yín.

Kọ́ìnì tí ọkọ̀ gùn, tí wọ́n fi òòlù lù, tí wọ́n fi fáìlì ha létí, tí iná jó, ìbàjẹ́ ni, kì í ṣe àṣìṣe. Àṣìṣe ti gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ kí owó tó jáde nílé iṣẹ́. Kọ́ìnì olórí méjì tí àwọn onídán ń lò náà kò níye lórí: kọ́ìnì méjì ni wọ́n gbẹ́ tí wọ́n sì tẹ̀ wọnú ara wọn, ẹ ó rí ojú ìsopọ̀ rẹ̀ nínú etí.

Ọ̀rọ̀ òfin kan wà níbí. Abala 21 nínú òfin Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti 2007 ka ẹni tó bá ń ta owó náírà, ì báà jẹ́ bébà tàbí onírin, sí arúfin. Ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà ni, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Nítorí náà, bó bá jẹ́ kọ́bọ̀ tàbí náírà ti 1973 síwájú ni, ẹ bi lọ́yà kí ẹ tó fi fọ́tò rẹ̀ síta. Èmi kì í fọwọ́ kàn án rárá. Owó ayé Òyìnbó ni mo mọ̀. Ohun tí ẹ bá wú nílẹ̀ tún yàtọ̀: ẹ kọ́kọ́ lọ bá àwọn NCMM, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, nítorí wọn kì í jẹ́ kí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde kúrò ní Nàìjíríà láìsí ìwé àṣẹ.

Fọ́tò ò ní wàhálà: ojú fèrèsé, láàárọ̀, iwájú, ẹ̀yìn àti etí, kí rúlà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ má lo fláàṣì.

Ó wá ku iye. Ibí ni wọ́n ti ń bà á jẹ́.

Iye tí wọ́n pè kì í ṣe iye tí wọ́n gbà. Kò sí ẹni tó máa mú yín bí ẹ bá kọ mílíọ̀nù márùn-ún sórí eBay, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì, lónìí. Ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ Sold items sí, kìkì èyí tó ti tà nìkan ló máa kù. Ẹ kọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n tà á. Bí ẹ ò bá rí ìkankan, ẹ mọ̀ pé àtẹ̀yin àti olùrà, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà lórí iye rẹ̀.

Ẹ wo 20 pẹ́ńsì ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2008 wọ́n yí àwòrán rẹ̀ padà, ni òǹtẹ̀ iwájú ti àtijọ́ bá lọ pàdé òǹtẹ̀ ẹ̀yìn tuntun, kọ́ìnì náà sì jáde láìní ọdún kankan lára. Ilé iṣẹ́ kan ní òun á san 50 pọ́n-ùn lórí ẹyọ kan. Kíá, àwọn ènìyàn ti ń pè é ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn. Ṣùgbọ́n ọ̀kẹ́ àìmọye rẹ̀ ló ti bọ́ sáàárín ìlú, iye tó sì ń tà gan-an kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí 50 yẹn. Ní Amẹ́ríkà ẹ̀wẹ̀, ogun mú kí wọ́n fi irin rọ pẹ́nì ní 1943, ìwọ̀nba díẹ̀ sì ṣèèṣì bọ́ sórí idẹ; èyí ti tà kọjá $100,000. (Ayédèrú rẹ̀ pọ̀ jáǹrẹrẹ, irin tí wọ́n fi bàbà bò lójú, òòfà á sì gbé e.) Kọ́bọ̀ tiwa lè ṣọ̀wọ́n tó ìyẹn, kó má sì tà tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, nítorí àwọn tó ń kó owó British West Africa, ìyẹn owó ayé Òyìnbó tiwa yìí, jọ kò pọ̀. Ìṣọ̀wọ́n nìkan kì í gbé iye ga, àfi kí ẹni méjì máa dù ú.

Olùrà máa tún un tà. Owó ọkọ̀ wà níbẹ̀, eBay á yọ tirẹ̀, kọ́ìnì sì lè jókòó lọ́wọ́ rẹ̀ títí ọdún á fi yí po. Bí irú rẹ̀ bá ti tà ní ₦100,000, tó sì pe ₦60,000, kò rẹ́ yín jẹ. Bó bá pe ₦5,000, ẹ ní kó ṣàlàyé.

Èmi kì í kọ́kọ́ dárúkọ owó. Ohun tí mo máa ń bi olùrà ni pé: "Ẹ̀gbọ́n, bí kò bá ní àṣìṣe yìí, èló lẹ máa rà á?" Kì í ṣòro láti fohùn ṣọ̀kan lórí ìyẹn, nítorí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lọ́jà. Lẹ́yìn náà ni mo máa wá ní: "Èló ni àṣìṣe náà fi kún un?" Àríyànjiyàn á wá ku sórí apá kan péré. Ìtàn màmá, bí wọ́n ṣe jẹ gààrí torí kí wọ́n lè tọ́jú owó náà, ẹ fi sílé. Ó dùn gbọ́, olùrà ò ní san kọ́bọ̀ lé e.

Ní Ọjà Atákúmọ̀sà a máa ń ná ọjà títí a ó fi pàdé láàárín. Ìyẹn dára bí ìyàtọ̀ bá kéré: ẹ ní ₦80,000, ó ní ₦65,000, ẹ pín in. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní ₦500,000, tó ní ₦20,000, ẹ má pín nǹkan kan, nítorí ẹnì kan nínú yín ò mọ ohun tó ń sọ. Ẹ ní, "Ẹ ṣé o, bàbá, ẹ jẹ́ kí n tún wádìí," kí ẹ gbé pépà yín, kí ẹ máa lọ láìbínú. Ẹ wá olùrà kejì, ẹ má sì sọ iye tí ti àkọ́kọ́ pè fún un. Bí wọ́n bá ṣì jìnnà sí ara wọn, NGC àti PCGS ní Amẹ́ríkà máa ń yẹ kọ́ìnì wò, wọ́n á fi sínú ike tó ní nọ́ńbà. Dọ́là ni wọ́n ń gbà, owó ìfiránṣẹ́ sì tún wà. Bí iye tó kéré jù tí olùrà méjèèjì pè kò bá tó ìlọ́po mẹ́ta ìnáwó yẹn, ẹ tà á bẹ́ẹ̀.

Bí olùrà kan bá ní kí òun bá yín tà á, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: iye tí kò gbọdọ̀ tà kéré sí, ìdá tirẹ̀, ọjọ́ tó máa dá a padà bí kò bá tà. Láìsí ìwé, ẹ̀yin náà ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ kọ́kọ́ san owó fọ́ọ̀mù tàbí owó ìforúkọsílẹ̀ kí òun tó rà á ní mílíọ̀nù, ẹ pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́.

Inú báńkì ni mo ti ń gbowó. Àlẹ́ẹ̀tì lórí fóònù kì í ṣe owó. Ẹ ṣí àkáǹtì yín, ẹ rí iye náà níbẹ̀ kí kọ́ìnì tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ rìsíìtì méjì, kí ọdún tó wà lára rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀, irú àṣìṣe náà àti iye tí ẹ gbà wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì lẹ fọ́tò mọ́ ọn. Ẹ fi gbólóhùn yìí sí ìsàlẹ̀: "Olùrà ti yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀, ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn." Kó fọwọ́ sí abẹ́ rẹ̀ gan-an, kó má bàa padà dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ pé ẹnì kan ní òjé lòun rà.