Ẹ gba iye owó ọjọ́ ìsinmi lákọsílẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ síṣẹ́

Ẹ̀yin ará wa tó ń gbowó oṣù l'Abẹ́òkúta, bí ọ̀gá bá ní kẹ́ ẹ wá síṣẹ́ lọ́jọ́ Iléyá tàbí October 1, ẹ jẹ́ kó kọ iye tó máa san sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó jáde nílé. Wọ́ọ̀tsáàpù náà tó: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Èló lẹ máa fi lé owó wa fún ọjọ́ Iléyá, àbí ọjọ́ wo la máa fi sinmi dípò?" Ìdí ni pé Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà ò dárúkọ iye kankan fún ọjọ́ ìsinmi. "Ìlọ́po méjì" tí wọ́n ń pariwo kiri Pánṣẹ́kẹ́ yẹn, àdéhùn ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni. Wákàtí tẹ́ ẹ jọ fẹnu kò sí lòfin mọ̀. Èyí tó bá lé lórí rẹ̀ ni ofatáìmù. Torí náà, ẹ kọ́kọ́ yẹ ìwé ìgbanisíṣẹ́ yín wò. Abala 7 òfin náà ní kí agbanisíṣẹ́ kọ owó, wákàtí àti ọ̀rọ̀ ìsinmi fún òṣìṣẹ́ kó tó pé oṣù 3 lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ ya fọ́tò ojú ìwé tẹ́ ẹ fọwọ́ sí lẹ́nu géètì, kí aago tẹ́ ẹ wọlé àti èyí tẹ́ ẹ jáde, bíi 7:52 àárọ̀ àti 6:10 ìrọ̀lẹ́, hàn ketekete (ìwé géètì mọ bí wọ́n ṣe ń sọnù tí oṣù bá parí). Àmọ́ o, òṣìṣẹ́ tó ń fi agbára ṣiṣẹ́ àti akọ̀wé lòfin yìí wà fún. Bó bá jẹ́ máníjà ni yín, ohun tó wà nínú ìwé àdéhùn yín nìkan lẹ lè dì mú.