Ẹ Má Ṣe Aláàárù Fún Agbésùnmọ̀mí: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Láàrin Wa

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 2025, nígbà tí àwọn agbébọn ya wọ ilé ìjọsìn Christ Apostolic Church kan ní Èrúkù, ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ní Kwárà, ẹ̀rọ tí ó ń gbé ìsìn náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì kò dákẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, fídíò náà ti dé Ìlọrin, Ọ̀fà àti Ìlú Ọba. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gbà á lórí WhatsApp ẹbí wa. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni wọ́n fi í ránṣẹ́ kẹ́yìn, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí ẹni tí ó bá rí i má ṣe dá a dúró sọ́dọ̀. Ìkìlọ̀ ni wọ́n gbà pé àwọn ń ṣe.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn, òun ni mo sì kà sí ìyá àwọn yòókù: a rò pé ẹni tí ìbọn bà nìkan ni agbésùnmọ̀mí dojú kọ. Ẹni tí kò ní bàálù ogun kò lè bá sójà wàákò ní gbangba. Ìbẹ̀rù ni ohun ìjà rẹ̀, àwa tí a ń wòran ni ó sì ń bá sọ̀rọ̀. Ènìyàn 19 péré ni ó já bàálù gbà ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001. Nǹkan bí 3,000 ènìyàn ni ó kú, ogun tí ó sì tẹ̀ lé e ní Afghanistan gba 20 ọdún. Bí ìbẹ̀rù bá jẹ́ ẹrù wọn, aláàárù wọn ni ẹni tí ń pín fídíò bẹ́ẹ̀ kiri, kò sì gba owó iṣẹ́.

Èyí tí ó léwu jù ní ilẹ̀ Ìgbómìnà báyìí ni kí a máa ka ẹ̀yà kan lódindi sí ọ̀tá. Ó yẹ kí ó ya ará Ìlọrin lẹ́nu ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí ìlú tí agboolé Fúlàní ti ń sọ Yorùbá láti ìran dé ìran ni tiwa. N kò sọ pé kò sí Fúlàní nínú àwọn ajínigbé. Wọ́n wà, ọmọ ilé wa tí ń ta epo àti oúnjẹ fún wọn, tí ń júwe ilé olówó fún wọn, náà sì lè wà. Ṣùgbọ́n darandaran tí ó ti gbé ẹ̀gbẹ́ abúlé kan fún 30 ọdún, tí ó mọ gbogbo ipa ọ̀nà inú igbó, ni yóò kọ́kọ́ rí àjèjì tí ó gbé ọ̀kadà wọlé lóru. Bí a bá lé e, ta ni yóò wá sọ fún wa? Àwọn agbésùnmọ̀mí gan-an fẹ́ kí a lé e, nítorí ẹni tí a fìyà jẹ láìṣẹ̀ ni ó rọrùn fún wọn láti fà mọ́ra. Nígbà tí Mohammed Yusuf, tí ó dá Boko Haram sílẹ̀, kú sọ́wọ́ ọlọ́pàá ní Maiduguri ní oṣù Keje ọdún 2009, ikú náà ni àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ fi ń pe àwọn ẹlòmíràn wọlé, wọ́n sì padà ní ọdún 2010 pẹ̀lú ìwà ipá tí ó ju ti ìṣáájú lọ.

Ẹ má sì sọ ọ́ di ogun ẹ̀sìn. Ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n kọlù ní Èrúkù, ṣùgbọ́n Mùsùlùmí ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n pa ní Woro, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kaiama, ní oṣù Kejì ọdún 2026.

Àwọn kan ń sọ pé ajínigbé lásán ni gbogbo wọn, pé ọ̀rọ̀ Mali kò kàn wá. Ẹgbẹ́ JNIM, ẹ̀ka al-Qaeda tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Mali ní ọdún 2017, pa sójà 54 ní àríwá Benin ní oṣù Kẹrin ọdún 2025. Nígbà tí oṣù Kẹwàá ọdún náà fi ń parí, wọ́n ti ń kéde pé àwọn kọlu sójà ní Kwárà. Kò sí aṣọ́bodè nínú igbó. Owó ìtúsílẹ̀ tí ajínigbé gbà lónìí lè di ìbọn lọ́wọ́ irú wọn lọ́la. N kò lè dá ẹbí tí ó san án lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n kí a máa kéde iye tí a ti dá jọ lórí Facebook kò bójú mu rárá, nítorí pé àwọn ajínigbé náà ní fóònù. Bákan náà ni kí a máa ya fọ́tò ọ̀nà tí fijilanté gbà wọ igbó.

Àṣìṣe mìíràn ni kí a sùn nígbà tí ìròyìn ayọ̀ bá dé. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025 ni ìjọba kéde pé ọwọ́ ti tẹ olórí méjì nínú ẹgbẹ́ Ansaru, tí ó ya kúrò lára Boko Haram. Ṣùgbọ́n kí oṣù Kẹsàn-án tó parí, àwọn agbébọn ti pa àwọn fijilanté ní Òkè-Òdè ní Kwárà, Èrúkù sì tẹ̀ lé e. Àwọn olùjọ́sìn 38 tí wọ́n jí gbé níbẹ̀ gba ìtúsílẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lálẹ́ ọjọ́ tí fídíò yẹn dé, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa á rẹ́." Wọ́n pa á rẹ́, wọ́n wá bi mí bí àwọn yóò ṣe pa á rẹ́ lórí fóònù gbogbo ẹni tí àwọn ti fi ránṣẹ́ sí.